Bí A Bá Ní Kí Kọ̀ǹpútà Sùn, Kó Sùn Lóòótọ́
Láti ọwọ́ Akọ̀ròyìn wa, Wuse, Àbújá

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Wuse ló ń pa láptọ́ọ̀pù dé lálẹ́, tí wọ́n á sọ ọ́ sínú báàgì, tí wọ́n á bá a láàárọ̀ tó gbóná janjan, tí bátìrì ti tán. Wọ́n á ní bátìrì ló bàjẹ́, wọ́n á sì sáré lọ ra òmíràn ní ilé ìtajà Banex. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ̀bi jẹ́ ti bátìrì.

Ní 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà ACPI jáde, èyí tó fi àkóso iná inú kọ̀ǹpútà lé Windows, Linux àti irú wọn lọ́wọ́. Nínú oorun tí ìlànà náà ń pè ní S3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ RAM nìkan ló ṣì ń jẹ iná. Nínú S4, tí Windows ń pè ní Hibernate, iṣẹ́ á wọ inú dísìkì, iná á sì kú pátá. Àmọ́ láti ìgbà Windows 10 ní 2015, oorun mìíràn tó ń jẹ́ Modern Standby ti gba ipò S3 lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ lè máa gba ímeèlì nígbà tí olówó rẹ̀ rò pé ó ti sùn. Bí káàdì Wi-Fi kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò rọlẹ̀, bátìrì ló ń jìyà rẹ̀.

Àwọn tó fara mọ́ Modern Standby ní ẹ̀rọ ń tètè jí bíi fóònù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóònù pàápàá ti gba ìjánu: láti Android 6.0 ní 2015, bí fóònù bá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ètò kan tó ń jẹ́ Doze á ti íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọ̀pọ̀ áàpù, á máa ṣí i fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Iná kì í ṣe ohun àfiṣòfò ní Àbújá. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele Band A fò sókè dé ₦225 lórí yúnìtì kan. Ẹni tó sì gbára lé jẹnẹrétọ̀ ń ra bẹtiróòlù tí ìrànwọ́ ìjọba ti kúrò lórí rẹ̀ láti 2023.

Nítorí náà, bí a bá pa láptọ́ọ̀pù dé láìsí ṣájà lára rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó kọ́kọ́ kú. Bí bátìrì bá ṣì ń lọ sílẹ̀, kó kọ iṣẹ́ sí dísìkì, kó kú pátá. Kó sì sọ lójú sìkírìnì ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Windows ní irú àkọsílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ àṣẹ powercfg /sleepstudy nìkan ló ń rí i. Kí àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù má sì yọ S3 kúrò mọ́: Linux ń jẹ́ kí olówó ẹ̀rọ yan èyí tó wù ú níbi tí méjèèjì bá wà. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Kó tó dìgbà náà, kí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní ilé ìtajà Banex àti Emab máa yí ohun tí pípa ìdérí dé ń ṣe sí Hibernate kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé oníbàárà lọ́wọ́. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀.