Àwọn Arìnrìn-àjò Ọjọ́ Sátidé: Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá délẹ̀ láàárín wa, Arsenal, Manchester United, Chelsea àti Liverpool ni gbogbo ẹnu ń dárúkọ. A ń jiyàn lé wọn lórí ní ọjà àti ní ibi iṣẹ́, bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. Bẹ́ẹ̀ ni ogún ẹgbẹ́ péré ni ó wà ní ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Premier League. Ẹgbẹ́ 72 mìíràn wà ní ìpele mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì tún wà lábẹ́ àwọn wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kékeré yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi owó ara wọn wọkọ̀ tẹ̀lé wọn láti ìlú dé ìlú. Ọ̀ràn kan wà nínú ìrìn àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí ó ju eré lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìlú Plymouth wà létí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Carlisle sì wà ní àríwá pátápátá, kò jìnnà sí ààlà Scotland. Láti ọdún 2014 títí di 2017, ìpele kẹrin ni ẹgbẹ́ méjèèjì wà, wọ́n sì ní láti lọ bá ara wọn nílé lọ́dọọdún. Ìrìn náà sún mọ́ 390 máìlì ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àbọ̀. Ẹni tí ó ti Èkó lọ sí Kánò kò tíì rìn tó ẹni tí ó lọ tí ó sì bọ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì ti gbéra kí ojúmọ́ tó mọ́, oúnjẹ wà nínú àpò, ìborùn aláwọ̀ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn. Bí ó bá ṣe alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n fi ìdíje sí, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó parí, kò sí rélùwéè tí yóò gbé àlejò tí ilé rẹ̀ jìnnà padà mọ́. Ìdájí ọjọ́ kejì ni irú wọn ń wọlé, wọn a bọ́jú, wọn a sì gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Kí ni wọ́n lọ wò? Nígbà púpọ̀, ìṣubú ẹgbẹ́ wọn ni.

Igun kan ni wọ́n ń fi àwọn àlejò sí ní pápá, nígbà mìíràn láìsí òrùlé lórí wọn. Síbẹ̀ ohùn wọn a máa bo ti onílé mọ́lẹ̀. Àwọn ará Grimsby, ìlú apẹja ní etí òkun ìlà-oòrùn, dá àṣà kan sílẹ̀ ní ọdún 1989: wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹja onírọ́bà, wọ́n sì ń gbé e lọ sí pápá ọlọ́pápá, wọ́n ń jù ú sókè bí ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ní ọdún 2023, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn, tí ó wà ní ìpele kẹrin, di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ FA, ẹja náà bá wọn dé Brighton. Góòlù márùn-ún sí òdo ni wọ́n jẹ níbẹ̀. Ìyà náà kò pa àṣà náà.

Àjèjì lè wò wọ́n kí ó ní orí wọn kò pé. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí ni iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Bury àti Accrington ti kógbá sílé, ọkọ̀ ìpẹja Grimsby kò sì tó nǹkan mọ́. Ohun tí ó kù tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú ní gbangba ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí rédíò bá ń ka èsì ìdíje ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń gbọ́ orúkọ Accrington, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò ní í dé ibẹ̀ láé. Baba ni ó mú ọmọ lọ sí pápá, bàbá-bàbá sì ni ó mú baba lọ. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ohun tí oríkì ìlú rẹ̀ jẹ́ fún un kò ní í béèrè èrè tí ó wà nínú irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa náà sì ti mọ àwọn pápá kékeré wọ̀nyí tipẹ́. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì na ẹgbẹ́ Marine tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà ní góòlù márùn-ún sí méjì. Tesilimi Balogun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Thunder, wà lára wọn. Nígbà tí ó padà lọ ní ọdún 1955, Peterborough United ni ó bá lọ, ẹgbẹ́ tí kò tíì wọ Football League nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan ni lára nìyí. Bí ọlọ́jà bá fi òṣùwọ̀n rẹ́ wa jẹ, a ó kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kékeré kò ní ìsọ̀ mìíràn tí ó lè kọjá sí. Ará Bury kò lè tìtorí pé olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláìbìkítà kí ó di ará Bolton. Ìfẹ́ tí ó gbé ẹgbẹ́ náà ró ni ó sọ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ di ẹni tí a lè fi tàfàlà. Ẹni tí a mọ̀ dájú pé yóò wá, a kì í tún ilé ṣe dè é. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1985, iná jó ìjókòó onípákó ní pápá Bradford City nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Lincoln City ní ìpele kẹta. Ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ni ó wà lábẹ́ pákó náà tí ẹnikẹ́ni kò kó. Ènìyàn 56 ni ó kú. Méjì nínú wọn jẹ́ àlejò tí ó ti Lincoln wá. Òótọ́ ni pé ìjà àwọn jàǹdùkú ba orúkọ arìnrìn-àjò bọ́ọ̀lù jẹ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, a kò sì ní í fi bò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jàǹdùkú ni ó fi ìdọ̀tí sábẹ́ pákó.

Ọ̀rọ̀ Bury ni ó ṣe kedere jùlọ. Ọdún 1885 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀; ó gba ife FA ní 1900 àti 1903. Ní ìparí ọdún 2018, wọ́n tà á fún olówó tuntun ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbèsè rẹ̀ lórí. Ní ọdún 2019 ẹgbẹ́ náà gòkè láti ìpele kẹrin sí ìkẹta, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù sì wà nílẹ̀ tí a kò san. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, àwọn alátìlẹ́yìn wá sí pápá Gigg Lane pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti garawa láti tún ibẹ̀ ṣe, nítorí wọ́n retí pé ìdíje yóò wáyé ní òpin ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Football League yọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn kúrò.

Ti Wimbledon yàtọ̀. Ní ọdún 2002, ìgbìmọ̀ kan gbà fún àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ náà kí wọ́n kó o kúrò ní London lọ sí Milton Keynes, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 60 máìlì. Àwọn alátìlẹ́yìn kọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, AFC Wimbledon, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2011 ó ti wọ Football League. Ní ọdún 2016 ó na Plymouth ní Wembley láti gòkè sí ìpele kẹta, Adebayo Akinfenwa, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sì ni ó gbá pẹnáritì tí ó fi kádìí ọjọ́ náà.

Akinfenwa yìí kan náà ni ó wà nínú ẹgbẹ́ Wycombe Wanderers tí ó gòkè sí ìpele kejì ní oṣù keje ọdún 2020, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Àrùn Kòrónà ti ti ẹnu ọ̀nà pápá gbogbo. Òfìfo ni Wembley wà ní ọjọ́ ayọ̀ wọn, kò sì sí àlejò kankan tí a gbà láàyè láti tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo sáà tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún ọdún 2021, Wycombe ti já padà. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lọ sí pápá kéékèèké nínú òjò pàdánù ọdún kan ṣoṣo tí ìrìn náà ì bá gbé wọn dé pápá ńláńlá. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. A kò gbọ́ pé ẹnìkan nínú wọn sọ pé ohun kan náà ni.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yìí kan náà ni ó kù tí a ní láti bá wí díẹ̀. Láti sáà ọdún 2024, Sky gbà láti san mílíọ̀nù 935 pọ́n-ùn láàárín ọdún márùn-ún fún ìdíje ìpele mẹ́ta náà, wọ́n sì ń fi èyí tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ hàn lọ́dún kan. Owó náà dára. Ẹgbẹ́ tí ebi ń pa kò lè kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí ìdíje di ohun tí a ń ṣí kiri, sí alẹ́ Fúráídé, sí ọ̀sán gangan, sí ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tẹ́lẹ̀ ni ó ń ru òfò náà.

Ní oṣù keje ọdún 2025, òfin tuntun kan jáde ní Ìlú Ọba tí ó gbé alábòójútó bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ 116 tí ó wà ní ìpele márùn-ún tí ó ga jù. Alábòójútó yìí lè yẹ ẹni tí ó fẹ́ ra ẹgbẹ́ wò kí ó sì kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ta pápá rẹ̀ tàbí kí ó kó kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ pa àmì tàbí àwọ̀ rẹ̀ dà láìbi àwọn alátìlẹ́yìn léèrè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin gbà pé àwọn tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì yìí ní ẹ̀tọ́ nínú ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Ó dé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n yọ orúkọ Bury. Ṣùgbọ́n kò fún alábòójútó náà ní agbára lórí wákàtí tí bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn líìgì àti àwọn tí ń gbé eré sáfẹ́fẹ́ ni ó ń jókòó pinnu ìyẹn, lẹ́yìn náà ni arìnrìn-àjò yóò wá lọ yẹ ìwé àkókò rélùwéè wò.