Àpò Ta Ni Owó Ẹran Olóró Yẹ Kí Ó Ti Jáde?

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìjọba Ireland pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹran ẹlẹ́dẹ̀ orílẹ̀-èdè náà tí wọ́n ti pa láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án kúrò lórí àtẹ. Májèlé dioxin ló wọ inú oúnjẹ tí wọ́n fi bọ́ wọn. Oko ẹlẹ́dẹ̀ bíi mẹ́wàá péré ló lo oúnjẹ náà, síbẹ̀ ọjà gbogbo wọn ló dẹnu kọlẹ̀, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀!

Ìjọba ya mílíọ̀nù 180 owó yúró sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́. N kò lòdì sí i. Ẹni tí a fi àṣẹ ba ọjà rẹ̀ jẹ́ láìṣẹ̀, a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí a kò bá san án, ẹlòmíràn yóò fi àbùkù ẹran tirẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n èwo ni ti ará ìlú tí ń san owó orí? Kí ló dé tí a kò sọ ọ́ di dandan kí àwọn tí ń po oúnjẹ ẹran ní ìwé adójútòfò tó tó ìpalára bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ?