Ife méjì péré ni mo mu: ife wo?

Ẹ jókòó sídìí fíìmù Yorùbá lálẹ́ òní, ẹ máa rí i. Ọ̀gá jàǹdùkú á wọlé, wọ́n á gbé ife ọtí kékeré síwájú ẹ̀, á dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, á ní kí wọ́n bu òmíì wá. Ó mu mẹ́fà, ojú ẹ̀ ò pọ́n, ó tún wa mọ́tò lọ bá ọ̀tá ẹ̀. Omi tàbí tíì tútù ni wọ́n sábà máa ń bu fún òṣèré, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ awakọ̀ tó ń wò ó nílé lè rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra ife méjì lọ́jà Sango, irú èyí táwọn tó ń ta paraga fi ń wọn ọtí. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn síra, bákan náà ni wọ́n ga. Mo fi sìríńjì fa omi sí wọn. Ọ̀kan gba mílílítà 30, èkejì gba 50. Ìdí ọ̀kan ló nípọn. Mo bi ìyá kan tó ń ta paraga lábẹ́ bíríìjì pé èwo ló ń lò. Ó ní, "Èyí tó bá wà nílẹ̀ ni, ọmọ mi. Owó kan náà ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìgò bíà ńlá, sẹ́ńtílítà 60, tí agbára ẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, mílílítà 30 ni ògidì ọtí inú ẹ̀. Ọtí líle tí agbára ẹ̀ jẹ́ ìdá 40, ife kékeré méjì jẹ́ 24. Ife ńlá méjì jẹ́ 40. Awakọ̀ tó ní "ife méjì péré ni mo mu" ò purọ́, àmọ́ kò mọ̀ bóyá òun ti mu kọjá ìgò bíà kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iléeṣẹ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gógóró tí wọ́n rẹ egbò sí ńkọ́, tẹ́nikẹ́ni ò wọn agbára ẹ̀ rí?

Nílùú Ọba, òfin ti là á kalẹ̀: 25 tàbí 35, tàbí ìlọ́po wọn, nilé ọtí gbọ́dọ̀ fi ta jíìnì àti wisikí. Níbí, orí ọ̀rá la ti ń jà. Oṣù Kejìlá 2018 ni NAFDAC àtàwọn tó ń ṣe ọtí fọwọ́ síwèé pé ọtí inú ọ̀rá àti ìgò tí ò tó mílílítà 200 máa kásẹ̀ nílẹ̀. Lóṣù Kejì 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú un, àwọn òṣìṣẹ́ yarí, wọ́n tún sún un sí ìparí 2025. Ní Ọ̀tà tí wọ́n ti ń ṣe ọtí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ wọ́n kọ iye ọtí àti agbára ẹ̀ sára ọ̀rá. Ife ò ní nǹkan kan lára, ọ̀dọ̀ ife sì ni ẹni tí wọ́n bá gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀ máa lọ.

A ní òfin òṣùwọ̀n, Weights and Measures Act, àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó o. Kí wọ́n fa ìlà kan sára ife ọtí, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti gáréèjì Sango.