Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ: Níbo ni Àwọn Ọkọ Náà Wà?

Ní oṣù keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin àgbà kan jáde. Àìsàn ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ, ẹwà tí ó fi ń yan fanda nígbà kan rí sì ti wọ̀ bí oòrùn àṣálẹ́. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ó sì fi oríkì kan lé e tí kò sí ìyá tí yóò fẹ́ kí a fi ki ọmọ òun: Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ìgbà èwe, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ líle tọ́ ọ, títí dé orí ibùsùn àìsàn. Oṣù kẹta ọdún 1930 ni lẹ́tà náà tó dáwọ́ dúró, a sì kó wọn jọ di ìwé ní ọdún kan náà. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kò wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn òǹkàwé kò dákẹ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú. Àánú obìnrin náà ṣe àwọn kan débi pé owó ni wọ́n fi ránṣẹ́ kí a lè fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan dúpẹ́ nítorí ìkìlọ̀ tí ó ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ ju èyí lọ: ta ni obìnrin yìí gan-an? Ṣé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni, tàbí àròsọ ọlọ́wọ́ gègé kan? Láti ìgbà náà wá, ẹnu àwọn òǹkàwé kò tíì kò lórí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá.

Ó pẹ́ kí ọ̀pọ̀ tó tún rí ìwé náà kà. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ọdún 1938 tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ti gbìyànjú ṣáájú. Ní ọdún 2012 ni Karin Barber, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí yunifásítì ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìtàn náà jáde padà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwáwí pé a kò rí ìwé náà ti kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí a mọ bí a ó ṣe kà á.

Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ìhà kìíní ní ìwé ìṣekúṣe ni, kò sì yẹ kí ó dé ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé, pàápàá ọmọbìnrin. Ìhà kejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìwé ẹ̀kọ́ ìwà ni, nítorí pé ó fi òpin alágbèrè hàn wá. Bí wọ́n ti ń jà yìí, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo obìnrin náà. Ìhà kìíní ń tì í mọ́lé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìhà kejì ń mú un jáde kí gbogbo ayé lè rí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi í léèrè pé: ta ni ìwọ àti ta ni ẹ jọ ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń fi ìwé náà pamọ́ lóhùn. Ojú wo ni ó ń tì wọ́n? Kì í ṣe ojú àwọn baba ńlá Yorùbá. Àwọn ẹsẹ Ifá kò fi ọ̀rọ̀ ọkọ àti àlè pamọ́. Bí ọjọ́ ọdún Òkè Ìbàdàn bá pé, àwọn ọmọ Ìbàdàn ń pe ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ ní orúkọ tí ó ń jẹ́ gan-an, tọmọdé tàgbà sì ń gbé e lórin. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ibi tí a ti ń sọ ọ́ àti ọ̀nà tí a ń gbà sọ ọ́. Wọn kò sọ pé kí a má ṣe sọ ọ́ rárá. Ẹni tí ó bá sì rò pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé Thomas, kí ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ fún wákàtí kan. Ohun tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ ni ohùn obìnrin tí ó ti rin ọ̀nà náà dé òpin, tí ó wá jókòó ti ọmọ, tí ó ń ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ òun ṣe yẹ̀. Èyí ni a ń fi pamọ́ fún un.

Ti àwọn oníwàásù ńkọ́? Wọ́n sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀, nítorí pé Sẹ̀gilọlá fúnra rẹ̀ ń ké ìkìlọ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé ohùn méjì ni ó wà lẹ́nu obìnrin náà. Ọ̀kan ń sunkún, èkejì ń rántí. Bí ó ti ń káàánú ara rẹ̀ tán ni yóò tún mẹ́nu kan orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà, àti fàájì Èkó àtijọ́, inú rẹ̀ yóò sì tún dùn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdùnnú tí ó wà nínú ẹkún yìí ni ó mú kí ìtàn náà jẹ́ ìtàn ènìyàn, tí kò fi jẹ́ ìwé àdúrà. Nígbà tí olùkọ́ bá wá ré gbogbo rẹ̀ kọjá, tí ó ní kí ọmọ kọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ìtàn náà kọ́ wa, tí ọmọ sì kọ ọ́ pé kí obìnrin má ṣe àgbèrè, kí obìnrin gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, kí obìnrin má fi ẹwà ṣe ìgbéraga, ìdánwò ti tán, máàkì ti pé, ṣùgbọ́n a kò tíì ka ìwé náà.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ obìnrin nìkan ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Thomas fi iye àwọn ọkọ sí orí ìwé náà gan-an: ẹgbẹ̀rún. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé àbùmọ́ ni, kì í ṣe Sẹ̀gilọlá nìkan ni ó wà nínú yàrá náà. Níbo ni àwọn ẹgbẹ̀rún yòókù wà? Wọ́n ti padà sí ilé aya wọn, wọ́n ti di baba ìjọ, wọ́n ti joyè. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú irú wọn máa ra Akéde Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa mi orí, kí ó máa sọ pé ayé ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní kí a lé akátá jìnnà ná kí a tó bá adìyẹ wí. Láti ọdún 1929, adìyẹ nìkan ni a ń bá wí.

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Thomas. Láyé àtijọ́, bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, aṣọ funfun ni a ń tẹ́ fún un. Bí a bá bá a nílé, ijó àti ayọ̀ ni. Bí a kò bá bá a, agbè ẹmu tí kò kún ni a ó gbé lọ fún àwọn òbí rẹ̀, ìtìjú náà yóò sì di ti gbogbo ìdílé. Ta ni ó tẹ́ aṣọ funfun fún ọkọ ìyàwó rí? Ta ni ó wá ọmọkùnrin tí ó ti bu ẹmu náà mu lọ?

Ẹnìkan lè sọ pé Sẹ̀gilọlá fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi, èwo wá ni ti agbẹjọ́rò? Ìdáhùn méjì ni ó wà fún èyí. Èkíní, olè tí ó jẹ́wọ́ kò wẹ àwọn tí wọ́n jọ pín ẹrù mọ́. Èkejì, ẹnu ta ni ó fi gbà á? Ọkùnrin ni ó di gègé mú. Thomas mọ ohùn obìnrin ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí. Iṣẹ́ akọni ni, ìyìn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ parẹ́. Síbẹ̀, òun ni ó yàn án pé kí obìnrin náà ṣàìsàn, òun ni ó yàn án pé kí ó tòṣì, òun ni ó fi ẹ̀bẹ̀ ìdáríjì sí i lẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé olùpẹ̀jọ́ ni ó ń bá ẹni tí a fi sùn sọ̀rọ̀.

Bí ìlú kan bá wà tí ó yẹ kí ó mọ ẹjọ́ obìnrin dá, Ilé-Ifẹ̀ ni. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ará Ùgbò ń fi ìko bo ara wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, Mọrèmi, obìnrin arẹwà tí ó wà nílé ọkọ, lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹsìnmìrìn. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé. Ọdọọdún ni Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí rẹ̀. Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 2015, gbé ère gíga kan kalẹ̀ fún un. Kò sí ará Ifẹ̀ kan tí ń pe Mọrèmi ní ọlọ́kọ méjì.

Ọ̀tọ̀ ni Mọrèmi, ọ̀tọ̀ ni Sẹ̀gilọlá. Ìlú ni ẹni àkọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ fún, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ère fún ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ohun tí Ifẹ̀ ṣe fún Mọrèmi ni ó yẹ kí a ṣe fún obìnrin gbogbo kí a tó dájọ́: Ifẹ̀ béèrè ohun tí ó mú un lọ, ó béèrè ẹni tí ó jèrè ìrìn rẹ̀, ó sì béèrè iye tí ó ná an. Ó ná an ní Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá lè bi ìbéèrè mẹ́ta yìí léèrè nítorí akọni, èé ṣe tí a kò lè bi í nítorí aláìlera?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn lámèyítọ́. Nínú kíláàsì tí a ti ń ka irú ìtàn yìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn tí ẹnìkan ti ń dà láàmú, tí kò sì tíì rí ẹni tí yóò sọ fún. Bí ó bá gbọ́ tí olùkọ́ ń fi Sẹ̀gilọlá ṣe ẹlẹ́yà, tí gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ ọkùnrin kan, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni yóò mú lọ sílé: pé bí òun bá la ẹnu, òun nìkan ni ẹ̀bi yóò bá. Yóò pa ẹnu mọ́. Èyí ni ìwé rere ń bàjẹ́ sí lọ́wọ́ òǹkàwé búburú.

Nítorí náà, kí a ka Sẹ̀gilọlá. Kì í ṣe fún ọmọdé kíláàsì kìíní. Àwọn tí wọ́n ti ń sún mọ́ ìdánwò àṣekágbá ni ó tọ́ sí, tọkùnrin tobìnrin pa pọ̀. Kí a sì kà á bí àwọn ará Èkó ti kà á ní 1929, pẹ̀lú bébà àti gègé lọ́wọ́. Kí ọmọ kan kọ lẹ́tà sí olóòtú láti bá obìnrin náà kẹ́dùn. Kí òmíràn kọ ọ́ láti bá a jà. Kí ìkẹta bi í bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn èyí, kí a yan àwọn ọmọkùnrin mélòó kan, kí oníkálukú wọn kọ lẹ́tà ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ, kí ó fi orúkọ sí i, kí ó sì sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe. Lẹ́tà yìí ni Akéde Èkó ìbá ti tẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a bá rí i gbà ni ẹjọ́ Sẹ̀gilọlá tó bẹ̀rẹ̀.