Píà Kẹ́ńyà ní Ọjà Ṣáínà: Adùn Nìkan Kọ́ Ni Wọ́n Ń Rà

Ọ̀rọ̀ títa èso sí òkè òkun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí ó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbèrò. Bí àsìkò píà bá dé, tí ó kún ọjà títí tí òmíràn fi ń jẹrà lórí àtẹ, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ẹni ni pé: ṣebí owó gọbọi ni wọ́n fi ń ra èyí ní ìlú òyìnbó? Kí ló dé tí a kò kó o lọ síbẹ̀? Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ó wo ọ̀nà tí píà Kẹ́ńyà gbà dé Ṣáínà.

Kẹ́ńyà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ń ta píà jù lọ sí òkè òkun. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni ó ń gbin èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, ní agbègbè bíi Murang'a àti Kiambu. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ní ju igi mélòó kan lọ. Yúróòpù àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé Ṣáínà ń di ọjà ńlá. Ní ọdún 2011, gbogbo píà tí Ṣáínà rà láti òkèèrè kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 32 lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 32,000. Oníṣòwò wo ni yóò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ ná an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, orílẹ̀-èdè méjèèjì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn, àmọ́ ìnira wà nínú ìwé náà. Ṣáínà kò tíì fẹ́ gba píà bí wọ́n ṣe ká a lórí igi. Wọ́n ní kí wọ́n bó o, kí wọ́n mú un dì bí yìnyín, ní ìwọ̀n òtútù tí ó lọ sí 30 lábẹ́ òdo. Àgbẹ̀ wo ni ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé? Ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ tí apá wọn ká a ni ó rí ọ̀nà lọ. Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù wà níta.

Kí ló fa gbogbo èyí? Eṣinṣin ni. Kì í ṣe eṣinṣin inú ilé; irú èyí tí ó ń yé ẹyin sínú èso ni. Abo rẹ̀ a gún ara èso, a yé ẹyin sí abẹ́ èèpo. Ẹyin a di ìdin, ìdin a sì máa jẹ èso láti inú wá síta. Ojú lásán kì í tètè rí i. Bí irú eṣinṣin tí kò sí ní orílẹ̀-èdè kan bá bá àpótí èso kan ṣoṣo wọ ibẹ̀, ó lè ba oko àìmọye ènìyàn jẹ́. Nítorí náà, olùrà tí ó ń fòyà kọ́ ni ọ̀dájú. Oko tirẹ̀ ni ó ń ṣọ́.

Kẹ́ńyà kò bínú padà sílé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn mìíràn ní Mombasa, èyí tí ó gba píà tútù láàyè. Oko tí píà ti wá gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Bákan náà ni ilé tí wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ń dì í sínú páálí. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbógun ti kòkòrò lóko, kí ó máa dẹ pàkúté fún eṣinṣin, kí ó sì máa kó èso tí ó bá já bọ́ kúrò nílẹ̀. KEPHIS, àjọ tí ó ń ṣàyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn ní Kẹ́ńyà, ni yóò fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí kí ẹrù tó kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni píà tútù àkọ́kọ́ gbéra lọ sí Ṣáínà.

Ohun kan tún wà tí èdè wa ti là yé wa tipẹ́: èso tí ó gbó yàtọ̀ sí èso tí ó pọ́n. Píà kì í rọ̀ lórí igi. Ó di ìgbà tí a bá ká a kí ó tó máa rọ̀. Èyí tí ó ti gbó nìkan ni a lè fi sínú kọ̀ntéínà olótùútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí òkun, tí yóò sì rọ̀ dáadáa nígbà tí ó bá débẹ̀. Èyí tí a ká ní àìgbó yóò hunjọ, yóò dà bí rọ́bà lẹ́nu. Ìdí nìyí tí ìjọba Kẹ́ńyà fi máa ń ti àsìkò ìkórè pa ní apá kan ọdún, kí àwọn tí ojú ń kán má baà ba orúkọ gbogbo ìlú jẹ́.

Orúkọ yìí gan-an ni ọjà náà. Ní ọdún 2014, Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ dá títa máńgòrò sí Yúróòpù dúró nítorí eṣinṣin èso. Ọdún 2021 ni ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó dẹ pàkúté rẹ̀ déédéé bá aláìbìkítà pín nínú ìyà ọdún méje. Ní ìparí ọdún 2016, Bẹ̀nẹ̀ tí ó múlé gbè wá náà dá ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀ dúró, nítorí pé oògùn tí wọ́n fi ń mú èèpo rẹ̀ pọ́n ju ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù gbà lọ. Àwa náà kò sì gbàgbé ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, tí Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ọdún 2015 nítorí oògùn apakòkòrò. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí ó bá wọlé ti jókòó tì í nìyẹn. Perú, Ṣílè àti Mẹ́síkò ti wà ní ọjà Ṣáínà ṣáájú Kẹ́ńyà, àwọn ará Ṣáínà pàápàá sì ti ń gbin píà tiwọn ní agbègbè Yunnan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbèrò òwò yìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èso. Orí ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè tí ẹ fojú sí ń gba èso náà láti Nàìjíríà. Láti oṣù kejìlá ọdún 2019, èso tútù márùn-ún péré ni ó lè wọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù láìsí ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, dàbínù àti durian. Nílé níbí, ọ̀dọ̀ NEPC ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtajà sí òkè òkun. NAQS ni ó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, tí ó sì ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe fi owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó àjọ tí ẹ bá ẹbí dá ra èso ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Èso kì í dúró de ìwé: bí àyẹ̀wò bá kùnà, ìparun ni ó sábà máa ń kángun sí. Ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ máa kó èso fún ẹni tí ó ti ní ìwé àṣẹ, kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣà á àti bí wọ́n ṣe ń dì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.