Ẹ Jẹ́ Kí Egungun Hù Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ eyín àti àgbọ̀n,

Ọ̀rọ̀ àpò omi tó ń wú sínú egungun àgbọ̀n ni mo bá wá. Ẹ ń yọ ọ́ dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́ tán ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló dé tí ẹ ń kánjú fi egungun màlúù tí wọ́n rún wẹ́wẹ́, tàbí egungun tí ẹ gé ní ìbàdí aláìsàn, dí ihò tó ṣẹ́ kù?

Ara mọ iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá rán erìgì pa, ẹ̀jẹ̀ á kún ihò náà, á dì, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín á wọ inú rẹ̀, egungun tuntun á sì máa hù láti etí wá sí àárín. Kì í yá. Ihò ńlá lè gba ọdún 2, àmọ́ ó ń dí. Ní 2000, Chiapasco àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 27 tí wọ́n yọ àpò ńlá fún ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Wọn ò fi nǹkan kan dí ihò náà, egungun sì hù.

Àwòrán ẹ́sírè ló ń tan gbogbo wa. Lọ́jọ́ tí ẹ da egungun màlúù síbẹ̀ ni àwòrán á ti funfun báláú, aláìsàn á sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n egungun tó hù kọ́ nìyẹn. Ohun tí ẹ dà síbẹ̀ ni, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí keratocyst, irú àpò omi tó máa ń padà wá, bá tún yọjú lábẹ́ funfun yẹn, báwo lẹ ṣe máa tètè rí i? Ẹni tí ẹ gé ìbàdí rẹ̀ ńkọ́, tó gbé ọgbẹ́ méjì relé, tó ń tiro?

Ó níbi tí dídí ihò ti yẹ, mi ò jiyàn: bí ògiri egungun nínú àti lóde bá ti jẹ tán, bí àgbọ̀n bá fẹ́ kán, tàbí bí ẹ bá fẹ́ ri eyín àtọwọ́dá mọ́ ọn láìpẹ́. Fún àpò tó tóbi jù, ọ̀nà tí Carl Partsch ará Jámánì ti là sílẹ̀ láti 1892 ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ dá ojú sí i lára, ẹ jẹ́ kó máa sun títí á fi súnkì.

Ní Nàìjíríà, owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì, dídí ihò àti fífi í sílẹ̀ kó dí fúnra rẹ̀, fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ dí i sínú fáìlì. Owó tí ẹ bá sì bá wọn dín kù, ẹ ní kí wọ́n fi padà wá ya ẹ́sírè lẹ́yìn oṣù 6, lẹ́yìn ọdún 1, àti lẹ́yìn ọdún 2.