ÀBÙÙBÙTÁN KỌ́ LÓ JẸ ẸJA AJÉGÚNLẸ̀ TÁN!

Àwọn baba wa tó sọ ẹja ńlá inú òkun lórúkọ kò ṣeré rárá. Àbùùbùtán! Ohun tí wọ́n ń bù, tí wọ́n ń bù, tí kò tán. Tí ọ̀kan bá kú tí omi gbé e wá sí etí òkun, tọmọdé tàgbà á yọ àdá àti ọ̀bẹ, wọn á gé e láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹran á sì tún ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ajá. Kí ni wọn ì bá tún pè é?

Ẹni tó bá ń gbé Àpápá mọ kọ̀ntéńà ogójì ẹsẹ̀ bàtà, ẹrù burúkú tí tírélà máa ń gbé tí gbogbo Wharf Road á fi dí pa. Àbùùbùtán oníké, ìyẹn irú èyí tó máa ń wá sí òkun tiwa níbí, gùn tó kọ̀ntéńà yẹn, àwọn àgbà inú wọn sì gùn jù ú lọ. Ọ̀kan lè wọn ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù. Èyí tí òyìnbó ń pè ní blue whale ńkọ́? Ìyẹn tó kọ̀ntéńà méjì àti ààbọ̀ tí wọ́n tò tẹ̀léra! Bẹ́ẹ̀, ẹran ni o, kì í ṣe ẹja. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, ó ń jáde wá mí sí afẹ́fẹ́, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú bí ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di irọ́. Wọ́n bù ú, ó sì kù díẹ̀ kó tán. Láàárín 1900 sí 1999, iye tí wọ́n pa nínú gbogbo òkun ayé sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta. Ta ló pa á? Kí ni wọ́n fi ṣe? Kí ló sì kan ìyá tó ń ta pańla ní Boundary? Ó kàn án, ó kàn án dáadáa.

Àwọn ará Amẹ́ríkà láti Nantucket àti New Bedford ti ń wá dọdẹ rẹ̀ ní òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé wọ́n ń pè ibì kan ní Nàìjíríà. Ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á sè é nínú ìkòkò gàgàrà lórí ọkọ̀, yóò di òróró tí wọ́n fi ń tan fìtílà. Àwọn ará erékùṣù Annobón tó wà ní ìsàlẹ̀ São Tomé kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti ọ̀kọ̀ lé e. Ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìyá kò ní fi ọmọ sílẹ̀ sá lọ. Ẹ ò rí i pé ìyá ni ìyá ń jẹ́.

Ìwà ìkà kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ̀. Láàárín 1850 sí 1862, nígbà tí ọkọ̀ ogun ń lé àwọn oníṣòwò ẹrú kiri orí òkun, àwọn kan nínú wọn dọ́gbọ́n. Wọ́n mú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pa àbùùbùtán, wọ́n ní iṣẹ́ ọdẹ làwọn ń lọ. Ẹ wò ó ná: ọdẹ àbùùbùtán nílò ìkòkò ńlá láti fi se ọ̀rá. Oníṣòwò ẹrú náà nílò ìkòkò ńlá láti fi se oúnjẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ọdẹ nílò àgbá fún òróró, oníṣòwò ẹrú nílò àgbá fún omi mímu. Báwo ni kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀? Ní 1862 ilé-ẹjọ́ kan ní Boston dá Appleton Oaksmith lẹ́bi lórí irú ọ̀ràn yìí. Ọdún yẹn náà ló sá jáde lẹ́wọ̀n!

Lẹ́yìn wọn làwọn ará Nọ́wè dé. Àwọn yẹn kì í ṣe ọlọ́kọ̀ ìgbòkun, ẹ́ńjìnnì ni tiwọn, ìbọn àgbá ni wọ́n sì fi ń ta ọ̀kọ̀. Láti 1912 ni wọ́n ti ń pa oníké ní Cape Lopez ní Gabon. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdẹ tún padà síbẹ̀ ní 1949, wọ́n pa ju 1,000 lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ní 1952, èyí tí wọ́n rí kò tó nǹkan mọ́, wọ́n palẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n fi bu àbùùbùtán tán ní etí òkun odindi orílẹ̀-èdè kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Àpápá wàyí.

Ní àtijọ́ òróró àbùùbùtán ń rùn, kò sì dára fún oúnjẹ. Ní 1902 ará Jámánì kan, Wilhelm Normann, rí ọgbọ́n tí wọ́n lè fi sọ òróró tó ń ṣàn di èyí tó dì. Bí wọ́n ṣe mọ ọgbọ́n yìí, òróró àbùùbùtán di ọṣẹ, ó sì di bọ́tà tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì. Ta ló ń ra òróró jù láyé nígbà náà? Àwọn ọlọ́ṣẹ ni. Lever Brothers, àwọn tó ni Sunlight, kò tilẹ̀ fẹ́ máa rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ́. Ní 1919 wọ́n ra odindi ilé-iṣẹ́ ọdẹ àbùùbùtán, Southern Whaling and Sealing Company. Ní 1923, àwọn yìí kan náà fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Àpápá ti jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní West African Soap Company. Epo pupa ni ìkòkò Àpápá ń jẹ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú òyìnbó, epo pupa àti òróró àbùùbùtán jọ ń du ìkòkò kan náà ni.

Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ajé? Ẹni tí àbùùbùtán wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí epo pupa wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ta ló fẹ́ fi iye owó dẹ́rù bà á? Ní àkókò ọdẹ 1930 sí 1931, blue whale nìkan tí wọ́n pa ní òkun ìsàlẹ̀ ayé lé ní 29,000. Òróró kún ọjà débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ àwọn ará Nọ́wè kò jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òróró yìí nìkan ló wó epo pupa lulẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀dá owó ti mú gbogbo ayé. Àmọ́ àgbẹ̀ tó ru epo lórí láti oko, tí wọ́n sọ fún un pé owó epo ti já, kò mọ̀ pé ẹran kan wà ní ìsàlẹ̀ ayé tí wọ́n ń fi òróró rẹ̀ bá òun du ọjà. Ta ni ì bá sọ fún un?

Nígbà tó yá, ojú òyìnbó là. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1946, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń pín ẹran nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ní 1982 ni wọ́n tó dìbò pé kí pípa á fún títà dáwọ́ dúró, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Nọ́wè ní òun ò gbà, ó sì padà sẹ́nu ọdẹ ní 1993. Nọ́wè yìí náà ni okporoko tí wọ́n ń kó gba wáàfù Àpápá wọlé ti ń wá, kí ẹ má gbàgbé! Iceland náà padà sí i ní 2006. Jàpáànì ní ìwádìí ìjìnlẹ̀ lòun ń fi tiẹ̀ ṣe. Ìwádìí tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ń gbé ẹran rẹ̀ lọ! Ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague dá a lẹ́bi ní 2014 lórí èyí tó ń ṣe ní òkun Antarctica. Ní 2019 Jàpáànì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ó sì ń pa á ní òkun tirẹ̀.

Kí ó tó jáde, ó ti wá ọ̀rẹ́ kiri. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa nìyí. Orílẹ̀-èdè Benin wọ ẹgbẹ́ náà ní 2002, Tógò wọ̀ ọ́ ní 2005. Mali wọ̀ ọ́ ní 2004. Mali! Ìlú tí kò ní òkun! Níbo ni àbùùbùtán fẹ́ gbà dé Bamako? Ní 2006, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní St Kitts, ìbò 33 borí 32, wọ́n sì kéde pé òfin tó dá ọdẹ dúró kò wúlò mọ́. Benin, Tógò àti Mali wà lára àwọn tó gbé ìkéde náà kalẹ̀. Àwọn alátakò ní owó ìrànwọ́ tí Jàpáànì ń fún wọn ló ń sọ̀rọ̀. Jàpáànì ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ẹja wọn, Masayuki Komatsu, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn Australia ní 2001 pé ìrànwọ́ wà lára ohun táwọn fi ń wá ojú rere. Òun náà ló pe minke, irú àbùùbùtán kékeré kan, ní aáyán òkun.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú ìkéde 2006 yẹn kọ́ ni ìbò. Wọ́n ní àwọn àbùùbùtán ń jẹ ẹja púpọ̀, wọ́n sì ń fi ebi pa àwọn ará etí òkun. Ọ̀rọ̀ yìí ti rìn káàkiri. Kò ní ṣòro kó dé Boundary, kó sì lọ báyìí:

“Ìyá, ẹ dín in kù díẹ̀ fún mi. Ẹja yìí ti wọ́n jù.”

“Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo gbówó lé e? Òkun ò mú nǹkan wá mọ́.”

“Wọ́n ní àwọn ẹja ńláńlá yẹn ló ń jẹ àwọn kékeré tán.”

Bàbá Ìlàjẹ tó jókòó ti àwọ̀n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbórí sókè. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Gbogbo àwọ̀n mi tó ya, ẹja ńlá kọ́ ló fà á ya. Ọkọ̀ ńlá tó ń tan iná lóru ni.”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

Bàbá jàre! Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Àbùùbùtán oníké tó ń wá sí òkun wa láàárín oṣù keje sí oṣù kọkànlá, láti Antarctica ló ti ń bọ̀. Ó wá gùn, ó wá bímọ ni. Ibi tó ti ń jẹun wà lọ́hùn-ún, ohun tó sì ń jẹ jù níbẹ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí pẹ́pẹ̀pẹ́ tó dà bí edé. Níbí, ọ̀rá ara rẹ̀ ló fi ń gbé. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2009. Àríwá-ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n ní bí ẹ bá tilẹ̀ kó gbogbo àbùùbùtán ńláńlá kúrò níbẹ̀, iye ẹja tí apẹja á rí kò ní yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá sí ilé yín wá bímọ, tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ yín, ẹ wá ní òun ló jẹ ọbẹ̀ tán!

Òfin Nàìjíríà ti 1992 lórí ẹja òkun sọ pé ọkọ̀ trawler kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín máìlì márùn-ún ti ojú òkun láti etí omi, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ti ń pamọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ti ń jẹun. Ẹ bi àwọn tó ń ti àárín Ìlàjẹ àti Ìjọ́ jáde lọ sójú òkun bóyá trawler mọ ibi tí máìlì márùn-ún parí sí lóru. Àwọn ni kí ìjọba lọ máa kà, kì í ṣe oníké.

Kí ẹ má baà rò pé ẹjọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo là ń gbọ́: àwọn ará Nọ́wè ní minke pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé bí ẹlòmíì ti ń jẹ màlúù làwọn náà ń jẹ ẹran tiwọn. Ọ̀rọ̀ tó mú ọpọlọ dání ni. Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba tó sì ń pariwo èèwọ̀ lónìí, ṣebí àwọn náà ló fi òróró rẹ̀ wẹ̀ lánàá? Kí wọ́n máa bá ara wọn jà á lọ. Ṣùgbọ́n bí Nọ́wè bá fẹ́ jẹ ẹran, kó sọ pé ẹran lòun fẹ́ jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ebi Ajégúnlẹ̀ ṣe àwáwí.

Oníké ti ń pọ̀ sí i báyìí o. Láti nǹkan bí 2000 ni àwọn onímọ̀ ti ń rí ìyá àtọmọ wọn ní òkun Kútọnu, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nature Tropicale sì ti ń gbé àlejò lọ wò wọ́n, wọ́n sì ń sanwó. Òkun kan náà ló ti Kútọnu wá gba Àgbádárìgì dé Èkó. Ẹ̀yin apẹja Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ti fojú ara yín rí i tó ń tu omi sókè, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà: oṣù wo ni, ó tó mélòó, ṣé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ẹ tún kọ iye trawler tí ẹ rí lóru ọjọ́ kan náà.